Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ìyá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ìyá ọkọ mi tún bì láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Búrẹ́dì àti tíì ni mo fún wọn, búrẹ́dì kan náà tí èmi àti ọkọ mi jẹ, inú ọ̀rá kan náà ni mo ti mú un. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, dé nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bèèrè pé, "Kí ni wọ́n jẹ?" Wọn ò bèèrè bí ara Ìyá ṣe rí o. Ohun tí wọ́n jẹ ni wọ́n bèèrè.

"Búrẹ́dì ni, Àǹtí."

"Búrẹ́dì nìkan?"

"Pẹ̀lú tíì."

"Ta ló po tíì?"

Ta ni ì bá tún pò ó? Ogún ọdún tí Àǹtí ti ń ṣe ọ̀gá ilé ìwé ti wọ̀ wọ́n lára. Bí wọ́n bá bi èèyàn ní ìbéèrè, á dà bíi pé ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ wọn, ibi tí o máa ṣì í sí ni wọ́n ń dúró dè.

Òjò ò dá láti àná. Ní ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo okùn ló kún, aṣọ kan ò gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Omi ni Ìyá ń mu ṣáá. Jọ́ọ̀gì omi tí mo gbé síbẹ̀ láàárọ̀, kò tó aago mẹ́wàá tó fi tán. Wọ́n á mu, wọ́n á tọ̀, wọ́n á tún mu. Oúnjẹ ò wọ ẹnu wọn, ikùn wọn le bí pákó, ó sì ti di ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ti yàgbẹ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ilé tiwọn, ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ń bá mi jiyàn lórí bí a ṣe ń ká aṣọ. Ní báyìí, wọn ò lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé wọn.

Àǹtí gbé fúláàsì oúnjẹ wá lónìí.

"Ìyàwó, má bínú o. Ohun tí ara wọn ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni mo sè wá."

"Kò burú, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá jẹ ṣíbí méjì nínú oúnjẹ ọmọ wọn, wọ́n sì bì í. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́. Ọlọ́run má ka ìyẹn sí mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n pè mí jókòó ní pálọ̀, Àǹtí àti ọkọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni, ọwọ́ mi ṣì ń rùn ọṣẹ. Ilẹ̀kùn yàrá Ìyá ò pa dé dáadáa. Mo fẹ́ lọ tì í, Àǹtí ní kí n jókòó.

"Ìyàwó, a kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ sọ fún wa?"

"Nǹkan bíi kí ni, Àǹtí?"

"Èèyàn lè ṣe nǹkan, kó má mọ ibi tó máa já sí. Ìtọ́jú àgbàlagbà ń sú èèyàn. Mo mọ̀. Kí ara tètè lè rọ èèyàn, ó lè fi oògùn oorun díẹ̀ sí tíì. Mi ò sọ pé o ṣe é o. Mò ń bèèrè ni."

Mo wo ọkọ mi. Bàtà rẹ̀ ló ń wò bíi pé wọ́n kọ lẹ́tà sí i lára. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Mo dúró, mo dúró. Ó kàn wúkọ́ ni.

Mo ní, "Mi ò fi nǹkan kan sí oúnjẹ Ìyá." Mo dìde, mo lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà ní ilé ìfọṣọ yẹn, mi ò jó aṣọ rí. Ọ̀gá wò mí títí, ó ní kí n lọ jókòó mu omi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Láàárọ̀ yìí Ìyá sọ fún kọ́bọ́ọ̀dù pé kó jọ̀ọ́ sún díẹ̀ kí àwọn ráyè kọjá. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n wá yíjú sí mi, tí wọ́n ní, "Ta ni ẹ̀yin, mà?", ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ìgò mẹ́rin. Wọ́n dá Ìyá dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Dókítà ní kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, ti pọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ Ìyá, kíndìnrín wọn sì ti ń jìyà rẹ̀. Ó ní òun ló ń fa òùngbẹ náà, àti èébì, àti ọkàn tó ń dàrú. Ohun tó gbé kálísíọ́mù lọ sókè bẹ́ẹ̀ ni òun ò tíì mọ̀. Ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà ní ọrùn, tó ń darí kálísíọ́mù inú ara. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ síbì kan. Wọ́n ti fa omi sí wọn lápá.

Àǹtí bèèrè pé, "Dókítà, ṣé ohun tí èèyàn jẹ lè fà á?" Èmi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń bèèrè.

Dókítà ní, "Ohun tí èèyàn jẹ bíi kí ni?"

"Mo kàn ń bèèrè ni."

Ó wá ní oògùn wo ni Ìyá ń lò. Èmi àti Àǹtí jọ dáhùn pọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni. Ohun kan tí a ti jọ fẹnu kò lé lórí láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Èsì tọrùn dé, ẹṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Wọ́n ní ńṣe ló tiẹ̀ sùn lọ pátápátá.

Wọ́n ní kí n gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ sí ilé àyẹ̀wò tó wà ní ìkọjá títì, nítorí ẹ̀rọ tiwọn bàjẹ́. Obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò kan ló gbà á lọ́wọ́ mi lójú fèrèsé, ẹni kúkúrú, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Kí ni wọ́n ń gbé mì láàárọ̀?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Mi ò bèèrè oògùn. Fítámì ńkọ́? Agbára-egungun, afúnni-lókun, nǹkan tí ọmọ rà fún wọn?"

"Kò sí."

"Àwọn èèyàn kì í ka fítámì mọ́ ohun tí wọ́n ń gbé mì. Ẹ lọ wo ilé dáadáa, mà."

Ara fu mí. Kí ló dé tó fi ń wò mí bẹ́ẹ̀? Àbí Àǹtí ti dé ibí yìí ṣáájú mi ni?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo wo yàrá Ìyá bí olè. Abẹ́ ìrọ̀rí, inú àpótí, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí nǹkan. Ọwọ́ mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Àǹtí wọlé, wọ́n fẹ́ wá mú aṣọ àwọ̀sùn.

"Kí lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tí mo fi pamọ́, Àǹtí. Nǹkan ni mò ń wá."

"Kí lò ń wá?"

"Mi ò mọ̀."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an gbọ́ bó ṣe dún. Àǹtí ò pariwo. Wọ́n ká aṣọ wọn, wọ́n ní kí n má gbé oúnjẹ wá sí ilé ìwòsàn mọ́, kí n sì má wá rárá títí ọ̀rọ̀ yìí máa fi yé gbogbo wa. Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó dé. Ó ní, "Jẹ́ ká fún wọn láyè díẹ̀." Mi ò mọ ta ni "wọn" yẹn, mi ò mọ ta ni "ká."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọjọ́ kejì rèé tí mi ò tíì fojú kan Ìyá. Kálísíọ́mù ò lọ sílẹ̀, bí omi ti ń wọ ara wọn tó. Ọkọ mi ló sọ fún mi. Mo ní, "Èmi ò sì gbé oúnjẹ dé ibẹ̀."

Mo kó àwọn aṣọ Ìyá tó dọ̀tí lọ sí ibi iṣẹ́. Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tí wọn kì í bọ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀. Àbàwọ́n kan wà lára àpò rẹ̀ ti inú. Èmi ni wọ́n máa ń gbé àbàwọ́n fún níbí, nítorí náà mi ò lè wo nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n kàn jù ú sínú omi. Epo ìdáná máa ń pọ́n létí tó bá ti pẹ́. Òróró ìpara máa ń rùn. Ti ẹ̀rọ máa ń dúdú. Èyí mọ́ gaara, kò lóòórùn, ó sì ti kán lé ara rẹ̀ láìmọye ìgbà lójú kan náà, bí ẹni pé nǹkan kan ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo kiwọ́ bọ àpò. Ṣíbí tíì kan ni mo bá níbẹ̀, wọ́n fi pépà ìnuwọ́ wé e. Ṣíbí ilé mi ni. Mo ti ń wá a láti oṣù kìn-ín-ní. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè sọ pé èmi ni. Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti ṣí omi gan-an. Mo tún pa á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo gbé ṣíbí náà lọ fún obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò nínú ọ̀rá. Ó gbé e sókè sí iná, ó fi ìka ra á.

"Inú òróró báyìí ni wọ́n ń da fítámì D sí tí wọ́n fi ń tà á. Ẹ̀kán kan ló yẹ kéèyàn máa lò lójúmọ́, ẹ̀kán kan péré. Ta ló ń fi ṣíbí bù ú?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ búra. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà yín, kó fọwọ́ sí i kí n yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹ̀jẹ̀ tó wà ńlẹ̀."

Ó pè é, dókítà fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ní kí n buwọ́ lùwé fún àyẹ̀wò tuntun. Ìwé gbàǹgbà ni, ó ń ṣí i láti wá ibi tí orúkọ Ìyá wà, ó ṣí kọjá, ó tún ṣí padà. Níbi tó ti ń ṣí i ni mo rí ìbuwọ́lù ọkọ mi. Kò sí ẹlòmíì tó ń fa ìdí lẹ́tà ìkẹyìn gùn bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ ojú ìwé náà kó má lè ṣí i kọjá.

Ọjọ́ keje oṣù kẹta. Ẹ̀ka òkè, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi àti oúnjẹ wò. Ọbẹ̀, abọ́ kan. Ìrẹsì, abọ́ kan. Tíì, ìgò kan. Ohun tí wọ́n ń wá: májèlé.

Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó gba èsì ní ọjọ́ kẹtàlá.

Mo bi obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò pé kí ni wọ́n rí.

"Mi ò lè sọ èsì ẹlòmíì fún yín, mà."

"Ọbẹ̀ mi ni. Ilé ìdáná mi ló ti jáde."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ká ní wọ́n rí nǹkan ni, ṣé ẹ rò pé ibí yìí lẹ ó dúró sí báyìí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mi ò sọ nǹkan kan fún ọkọ mi. Mò ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ló ti ń sọ pé, "Ìwọ náà bù, ká jọ jẹ nínú abọ́ kan." Mo ti rò pé ìfẹ́ ni. Mo tiẹ̀ sọ fún Ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé ìṣòro ìyá rẹ̀ ti mú wa sún mọ́ra. Ní báyìí mo wá ń ka iye ìgbà tó máa ń dúró kí ṣíbí mi kọ́kọ́ dé ẹnu mi.

Lónìí mo ní ebi ò pa mí. Ó gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní ebi ò pa òun náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Oòrùn ràn. Gbogbo aṣọ gbẹ. Èsì ò tíì dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Aago mọ́kànlá ni obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò pè mí. Ó ní ẹ̀rọ wọn ò lè ka iye fítámì D náà, àádọ́jọ ni òǹkà rẹ̀ ń dé, ó sì kàn kọ ọ́ pé ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fura sí ẹ̀rọ, ó tún un ṣe. Ó fura sí ìgò, ó bèèrè ìgò mìíràn. Nígbà tó rí i pé kò yí padà, ó bu omi la ẹ̀jẹ̀ náà kí ẹ̀rọ lè ka ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀, ó wá ṣírò rẹ̀ padà. Irínwó lé méjìlá.

"Mélòó ló yẹ kó jẹ́, mà?"

"Tó bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún, a ti ń pariwo nìyẹn. Mo ti fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ẹ máa lọ síbẹ̀."

Mo ní wọ́n ti ní kí n má wá.

Ó ní, "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?" Ohùn rẹ̀ dún bí ti ẹni tó fẹ́ bọ́ aṣọ jà.

Mo lọ. Àǹtí wà níbẹ̀, ọkọ mi wà níbẹ̀. Ọkàn Ìyá ti là díẹ̀ láti àná, ìrọ̀rí ni wọ́n fara tì. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe májèlé ẹnikẹ́ni. Fítámì D ni, ó ti kún ara wọn, òun ló ń fa kálísíọ́mù lọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Àǹtí ní, "Fítámì kẹ̀? Ṣebí oore ni fítámì ń ṣe fún èèyàn!" Wọ́n la ẹnu láti tún sọ̀rọ̀. Ojú wọn yí padà bí ẹni tó dé ìdí àtẹ̀gùn tó wá rántí pé òun ò ti ilé. Wọ́n wá àga, wọ́n jókòó.

"Èmi ni mo rà á fún wọn."

Àǹtí ní, "Ẹ̀kán kan láàárọ̀ ni mo sọ. Ó wà lára ìgò. Mo kà á sí wọn létí. Ìgò mẹ́fà ni mo rà, kó lè pẹ́ kó tó tán." Wọ́n wo Ìyá. "Màámi, ẹ̀kán mélòó lẹ̀ ń lò?"

Ìyá fi ọwọ́ wá inú báàgì wọn tó wà lẹ́bàá ìrọ̀rí. Ìgò kékeré kan ni wọ́n mú jáde, ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbé wọn dé. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lérí.

"Ojú mi ò rí ẹ̀kán," ni Ìyá wí. "Ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Ibí yìí tí kò sí ṣíbí, mò ń fi ẹnu mu ún."

"Ìgò yòókù ńkọ́, Màámi?"

"Mo ti mu wọ́n. Mò ń ju òfìfo wọn láti ojú fèrèsé sínú páńtí àwọn ará ilé kejì."

Dókítà bèèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò rí i. Ìyá wo Àǹtí. Àǹtí ló dáhùn, ohùn wọn ò jáde dáadáa. "Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí Ìyàwó rí i. Mo rò pé kò fún wọn lóúnjẹ tó dáa ni egungun wọn fi ń rọ̀. Mo rò pé tó bá rí i, á gbà á."

Mo jáde lọ dúró ní kọ́rídọ̀. Obìnrin tó ń nulẹ̀ ní kí n gbẹ́sẹ̀, mo gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Kálísíọ́mù ti ń lọ sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìgò náà. Ìyá ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè ẹ́ jókòó. Ilẹ̀kùn mi ò pa dé."

"Mo mọ̀ pé kò pa dé, Mà."

"Mo mọ̀ pé o ò fi nǹkan kan sí tíì. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Mo lè ti sọ ọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ẹ ò sọ ọ́."

"Mi ò sọ ọ́. Bí mo bá dá sí i, wọ́n á máa bi mí ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ ìgò á sì jáde. Wọ́n á gbà á. Mo ti rò pé òun ló máa mú mi rìn. Ilé mi ni mo fẹ́ rìn padà sí, Ìyàwó. Mi ò fẹ́ máa jókòó lọ́rùn yín." Wọ́n nu ẹnu wọn. "Mo rò pé o máa fara dà á fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Ìwọ kì í pariwo."

Mo ti ń retí pé kí ẹkún gbọ̀n mí. Ìbínú ló wá, ó rọra wá, ó sì jókòó. Mo tún ìrọ̀rí wọn ṣe, nítorí ó ti wọ́. Mo ní ó dàárọ̀, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ọkọ mi ń mu tíì ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé àga, mo jókòó kojú rẹ̀.

"Ọjọ́ keje oṣù kẹta. Ọbẹ̀, ìrẹsì, tíì."

Ó gbé ife sílẹ̀. Kò bi mí bí mo ṣe mọ̀.

"Ẹ̀rù bà mí," ló sọ.

"Ẹ̀rù mi?"

"Ìyá mi ń kú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ọ́ sí mi létí lójoojúmọ́. Mo fẹ́ mọ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀."

"O mọ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá." Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì ló gbọ́ "o" yẹn. "O mọ̀ pé oúnjẹ mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àǹtí lé mi kúrò nílé ìwòsàn, èsì wà lápò rẹ."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ìwọ náà máa mọ̀."

"Ojú á tì ọ́."

"Ojú á tì mí."

"Kí ojú má bàa tì ọ́, o jẹ́ kí wọ́n pè mí ní apànìyàn nínú pálọ̀ mi."

Mo ní kí ó máa sùn ní pálọ̀. Mo ní lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọlé padà, kó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ohun tó mọ̀ àti ọjọ́ tó mọ̀ ọ́, lójú mi. Mi ò ṣèlérí pé ìyẹn á tó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Kò tíì sọ ọ́. Ọrùn ń dùn ún nítorí àga pálọ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń kérora, mo sì gbọ́ ara mi tó ń gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ó sọ ọ́. Ìdí bẹ́ẹ̀dì Ìyá ló ti dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé, ó sì kà á: ọjọ́ tó bu oúnjẹ, ọjọ́ tó gba èsì, ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ti rò pé Àǹtí á gbè é. Ńṣe ni wọ́n dìde fùú. "O mọ̀! O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa pariwo kiri bí aṣiwèrè! O jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ! Èmi ò mọ̀, ìwọ mọ̀!" Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní kí wọ́n rọra. Àǹtí ní kí ó jọ̀ọ́ fún àwọn ní ìṣẹ́jú kan, àwọn ò tíì parí.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n yíjú sí mi. Ẹnu wọn ò mọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lára, ó hàn gbangba. "Ìyàwó, èmi ni mo ṣi ìbéèrè bi. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Má bínú sí mi."

Mo ní, "Mo gbọ́, Àǹtí." Òótọ́ ni, mo gbọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi láti fún wọn lónìí nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n dá Ìyá sílẹ̀. Àǹtí fẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá ní rárá, àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀. Gbogbo wọn wò mí. Mo ní yàrá ṣì wà, kí wọ́n máa bọ̀, títí ẹsẹ̀ wọn fi máa gbà wọ́n. Mo tún ní ohun kan wà: ohunkóhun tó bá máa wọ ẹnu Ìyá láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ojú tábìlì ni yóò ti wọ̀ ọ́. Àǹtí mi orí. Ọkọ mi gbé báàgì.

Ó ṣì wà ní pálọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òjò díẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run mọ́.

Mo mú Ìyá lọ fún àyẹ̀wò. Obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò ló gba ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé inú ọ̀rá ara ni fítámì yẹn ń sá pamọ́ sí, ó lè tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tán, kí wọ́n má sì torí pé ara yá wọ́n gbàgbé. Kálísíọ́mù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ipò rẹ̀. Kíndìnrín ṣì ń gbìyànjú.

Ní ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé ṣí ìwé gbàǹgbà náà.

"Ta ló bá wọn wá?"

Ìyá yára dáhùn pé, "Ọmọ mi ni."

Akọ̀wé ti fẹ́ kọ ọ́. Mo rí i pé Ìyá ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń retí bí ojú mi ṣe máa rí.

Mo ní, "Ìyàwó ọmọ wọn ni mí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bírò akọ̀wé dúró lórí afẹ́fẹ́. Ó wo èmi, ó wo Ìyá.

"Kọ ohun tó sọ," ni Ìyá wí. "Òun ló mọ̀."

A jáde. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ilé àyẹ̀wò yẹn. Ìyá ò bèèrè ọwọ́ mi, èmi náà ò sì nà án. Wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú wọn, mo fi ẹ̀yìn rìn, ìgbésẹ̀ kan sí ìgbésẹ̀ kan, ojú mi wà lára ẹsẹ̀ wọn.